Kábúrétọ̀ àbí Ínjẹ́kíṣọ̀n: Yíyan Ẹ́ńjìnnì fún Ọkọ̀ Eré ní Etíkun Ìlàjẹ

Afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fà símú pọ̀ ju epo tí ó ń mu lọ fíìfíì. Kí lítà epo bẹntiróòlù kan tó lè jó tán, yóò bá afẹ́fẹ́ tó tó nǹkan bíi lítà 9,000 pàdé. Bí ó bá jẹ́ orí òṣùwọ̀n ni wọ́n gbé méjèèjì lé, kílò epo kan ń gba kílò afẹ́fẹ́ 14.7. Bí epo bá fi díẹ̀ pọ̀ ju èyí lọ, tí kílò kan ń bá kílò afẹ́fẹ́ 12.5 tàbí 13 ṣe, ìgbà náà ni ẹ́ńjìnnì ń lágbára jù, àmọ́ epo díẹ̀ á ṣòfò. Bí epo bá kéré jù, inú sìlíńdà á gbóná kọjá bó ṣe yẹ, agbára á sì lọ sílẹ̀.

Iṣẹ́ tí kábúrétọ̀ ń ṣe kò ju pé kí ó pa ìwọ̀n yìí mọ́ lọ, iṣẹ́ kan náà sì ni ti ínjẹ́kíṣọ̀n. Ọ̀nà tí kálukú ń gbà ṣe é ló yàtọ̀. Ìyàtọ̀ yìí ló ń sọ iye tí ọlọ́kọ̀ yóò ná lórí epo, bóyá ẹ́ńjìnnì yóò kú sójú omi, àti ẹni tí yóò lè jí i dìde bí ó bá kú.

Lórí ilẹ̀ gbígbẹ, àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ eré ló sábà máa ń jiyàn lórí èyí tó dára jù. Ní etíkun Ìlàjẹ, ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọ̀rọ̀ oúnjẹ òòjọ́ ni. Igbókòdá ni ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èrò ti ń wọ ọkọ̀ lọ sí Ayétòrò, Ugbónla, Àwóyè àti àwọn abúlé tó tò sí etí òkun. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń dè mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ ló ń tì wọ́n débẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ti Yamaha, agbára ẹṣin 40 tàbí 75, tí àwọn awakọ̀ ń pè ní fọ́tì àti sẹ́fúntí-fáìfù. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré wọn pé wọn kì í ṣe ẹ́ńjìnnì eré. Mọ́tò tó ń sáré geere lórí títì márosẹ̀ kì í lo ìdajì agbára tó wà nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ọkọ̀ tó kó èrò kúrò ní Igbókòdá ń lo gbogbo agbára rẹ̀ pátá, wákàtí lórí wákàtí, láìsí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí yóò ti sinmi. Ìyà tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ìdíje ń jẹ lọ́jọ́ ìdíje nìkan, ojoojúmọ́ ni tirẹ̀.

Bí kábúrétọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́

Kábúrétọ̀ kò nílò iná bátìrì. Ihò kan ni tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n mú kí àárín rẹ̀ há. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá dé ibi tó há yìí, eré rẹ̀ á le sí i, gẹ́gẹ́ bí omi ṣe ń sáré níbi tí etí odò méjèèjì bá ti súnmọ́ra. Bí eré bá ṣe ń le ni ipá tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ nǹkan ń dín kù. Daniel Bernoulli ṣàlàyé òfin yìí nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1738. Ará Ítálì kan, Giovanni Battista Venturi, tó kú ní 1822, ló wá yẹ ihò tó há bẹ́ẹ̀ wò fínnífínní, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pe ihò náà títí dòní.

Lábẹ́ ihò yìí ni ìkòkò kékeré kan wà tí epo dúró sí. Afẹ́fẹ́ òde ń tẹ epo inú ìkòkò, ti inú ihò kò sì ní ipá láti dá a padà, nítorí náà epo á gba inú jẹ́ẹ̀tì gòkè, á fọ́n wẹ́wẹ́ sínú afẹ́fẹ́, á sì bá a wọlé. Jẹ́ẹ̀tì jẹ́ idẹ kékeré tí wọ́n lu ihò tóóró sí. Ọ̀kan ń bẹ fún eré, òmíràn fún ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá wà ní sìlóò, ihò ti sìlóò yìí kò sì tó mìlímítà kan. Fúlótù ló ń ṣọ́ iye epo tó wà nínú ìkòkò. Bí epo bá kún, fúlótù á léfòó sókè, á fi abẹ́rẹ́ kan dí ẹnu ọ̀nà. Bí epo bá lọ sílẹ̀, abẹ́rẹ́ á bọ́ sílẹ̀, epo á tún wọlé.

Gbogbo ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ kò ju báyìí lọ, ọgbọ́n náà sì jinlẹ̀. Níbi tó kù sí ni pé ihò jẹ́ẹ̀tì kì í tóbi sí i, kì í sì kéré sí i. Ẹni tó yan jẹ́ẹ̀tì ní ilé iṣẹ́ ti ro irú afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì yóò máa fà, bí afẹ́fẹ́ bá sì yàtọ̀, jẹ́ẹ̀tì kò lè mọ̀. Mọ́tò tí wọ́n ṣètò kábúrétọ̀ rẹ̀ ní Èkó yóò máa mu epo jù bó ti yẹ bí ó bá dé Jọ́ọ̀sì, nítorí Jọ́ọ̀sì ga ju òkun lọ ní nǹkan bíi mítà 1,200, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì fúyẹ́. Ní ìlú òtútù, ìṣòro mìíràn tún wà: epo kì í tètè di oru ní òwúrọ̀, àfi kí wọ́n fi ọwọ́ dí afẹ́fẹ́ kù kí ẹ́ńjìnnì tó gbà.

Bí ínjẹ́kíṣọ̀n ṣe ń ṣiṣẹ́

Ínjẹ́kíṣọ̀n kì í dúró de afẹ́fẹ́ kí ó wá fa epo. Pọ́ǹpù ló ń fi ipá ti epo dé ẹnu nọ́súlù, ipá náà sì máa ń ju ti afẹ́fẹ́ inú táyà mọ́tò kékeré lọ. Iná ló ń ṣí nọ́súlù, iná ló ń pa á. Bíréènì-bọ́kìsì, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ́ńjìnnì, ló ń sọ ìgbà tí yóò ṣí àti bí yóò ṣe pẹ́ tó. Bí wọ́n bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, ṣíṣí náà kì í sábà ju ìpín 2 sí 15 lọ. Nínú ẹ́ńjìnnì fọ́ọ̀-sítíróòkù tó ń yí ní ìgbà 6,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, nọ́súlù kọ̀ọ̀kan ń ṣí, ó sì ń pa, ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo.

Bíréènì-bọ́kìsì kò lè dá ìpinnu yìí ṣe. Àwọn sẹ́nsọ̀ ló ń bá a wo àyíká: ọ̀kan ń wo bí afẹ́fẹ́ ṣe gbóná tó, ọ̀kan ń wo ipá afẹ́fẹ́ nínú páìpù tó ń wọ ẹ́ńjìnnì, ọ̀kan ń wo bí awakọ̀ ṣe fún un níná tó, ọ̀kan ń wo ibi tí kíráńkì dé nínú yíyí rẹ̀. Òmíràn ń ṣọ́ ooru ẹ́ńjìnnì. Èyí wúlò gan-an ní Ìlàjẹ, níbi tí ewéko orí omi àti ọ̀rá ti máa ń dí ẹnu ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa omi tó ń tù ú. Bí omi kò bá wọlé mọ́, sẹ́nsọ̀ á kígbe, bíréènì-bọ́kìsì á sì fa eré sẹ́yìn fúnra rẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì tó jóná.

Ínjẹ́kíṣọ̀n kì í ṣe nǹkan àná. Mercedes-Benz 300 SL ti ní irú èyí tí kò lo iná ní 1954, Chevrolet náà sì fi sínú Corvette fún ọdún 1957. Ní 1967 ni ilé iṣẹ́ Bosch ti Jámánì gbé èyí tí iná ń darí jáde, tó wà nínú Volkswagen 1600. Ó tó ọgbọ̀n ọdún sí i kí Suzuki tó gbé e wọ ẹ́ńjìnnì fọ́ọ̀-sítíróòkù tí wọ́n ń dè mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ ojú omi, ìyẹn agbára ẹṣin 60 àti 70. Ní Nàìjíríà, Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975, àti Volkswagen tí wọ́n ń tò ní Èkó láti ọdún kan náà, ló kọ́ ìran àwọn mẹkáníìkì kan ní kábúrétọ̀. Ìgbà tí tòkúnbọ̀ gba títì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn tó kọ́kọ́ fojú kan bíréènì-bọ́kìsì.

Ewo ló lágbára jù?

Bí ó bá jẹ́ ti agbára tó ga jù lọ, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì kò tó ohun tí wọ́n ń pariwo. Àwọn ọkọ̀ ìdíje NASCAR ní Amẹ́ríkà lo kábúrétọ̀ títí di òpin ọdún 2011, ẹ́ńjìnnì wọn sì ń mú agbára ẹṣin tó ju 800 wá láti inú kábúrétọ̀ kan ṣoṣo. Nígbà tí wọ́n bọ́ sórí ínjẹ́kíṣọ̀n ní 2012, kì í ṣe àìlágbára ló fa á. Kábúrétọ̀ tí wọ́n yan jẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bó ti tọ́, tó mọ́, tí epo rẹ̀ sì dára, yóò fún ẹ́ńjìnnì ní gbogbo agbára tó bá lè gbà lórí iná kíkún.

Ìyàtọ̀ gidi wà ní ibi méjì: láàárín sìlóò àti iná kíkún, àti nígbà tí omi bá ń ru. Nígbà tí awakọ̀ bá ń rọra la àárín ewéko kọjá, tàbí tó ń wá ọ̀nà nínú òkùnkùn, ínjẹ́kíṣọ̀n ń wọn epo bí ó ti yẹ, kábúrétọ̀ sì máa ń mu jù. Bí ọkọ̀ bá ń fò lórí ìgbì, epo inú ìkòkò kábúrétọ̀ á máa dà síhìn-ín sọ́hùn-ún, fúlótù á sì máa ṣi iye. Àwọn awakọ̀ òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì fi ojú ara wọn rí èyí nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Bí Spitfire bá dorí kọ ilẹ̀ lójijì, epo á fò sókè nínú kábúrétọ̀, ẹ́ńjìnnì á sì ṣe bí ẹni fẹ́ kú, nígbà tí Messerschmitt Bf 109 ti àwọn ará Jámánì, tó ní ínjẹ́kíṣọ̀n, ń bá eré rẹ̀ lọ. Obìnrin onímọ̀ ẹ́ńjìnnì kan, Beatrice Shilling, ló wá ojútùú ráńpẹ́ sí i ní 1941: irin róbótó kékeré kan tí ihò wà láàárín rẹ̀, tí kò jẹ́ kí epo ya lu kábúrétọ̀. Lójú ọ̀sà, ìṣòro náà kò le tó bẹ́ẹ̀. Ní ibi tí odò ti ń ya sí òkun, tí ìgbì ti ń lu ara wọn, awakọ̀ tó ní kábúrétọ̀ mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ohun tí àríyànjiyàn sábà máa ń gbàgbé

Ní etíkun, bí wọ́n bá ní kí wọ́n fi kábúrétọ̀ wé ínjẹ́kíṣọ̀n, nǹkan méjì ni wọ́n ń pò pọ̀ láìmọ̀. Ẹ́ńjìnnì kábúrétọ̀ tó gbòde jẹ́ tú-sítíróòkù, èyí tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ínjẹ́kíṣọ̀n tí wọ́n ń gbé wọlé báyìí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ fọ́ọ̀-sítíróòkù tán, èyí tí ọ́ìlì rẹ̀ wà lọ́tọ̀ sí epo. Púpọ̀ nínú epo tí ínjẹ́kíṣọ̀n ń bá ọlọ́kọ̀ fi pamọ́ kì í ṣe iṣẹ́ nọ́súlù nìkan.

Nínú tú-sítíróòkù, ẹnu ọ̀nà èéfín ṣì wà ní ṣíṣí nígbà tí epo tuntun àti afẹ́fẹ́ ń wọ sìlíńdà. Nǹkan bíi ìdá kan nínú mẹ́rin epo náà, nígbà mìíràn tó tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá, ló ń gba ibẹ̀ jáde láìjó. Kò sí jẹ́ẹ̀tì tí mẹkáníìkì lè pààrọ̀ tí yóò dá a dúró, nítorí bí wọ́n ṣe kọ́ ẹ́ńjìnnì náà nìyẹn. Inú omi ni epo àti ọ́ìlì yìí ń lọ, inú omi kan náà tí edé àti ẹja ti ń pamọ, tí àwọn ọmọdé ti ń wẹ̀. Ó yẹ kí èyí dun ẹnikẹ́ni tó ń jẹun láti inú odò náà. Òfin tí Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ ní 1996 lórí èéfín ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ló lé irú tú-sítíróòkù bẹ́ẹ̀ kúrò nínú ọjà tuntun wọn nígbà tó fi máa di 2006, àmọ́ àwọn ilé iṣẹ́ kò ṣíwọ́ àtiṣe é fún Áfíríkà.

Ọ̀nà àbáyọ kan wà láàárín, ìyẹn tú-sítíróòkù tí nọ́súlù rẹ̀ ń tú epo sínú sìlíńdà gan-an lẹ́yìn tí ẹnu ọ̀nà èéfín bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé. Mercury gbé OptiMax jáde ní 1996, Evinrude sì gbé E-TEC jáde ní 2003. Ẹ́ńjìnnì tó dára ni wọ́n, àmọ́ wọn kò sí lórí àtẹ mọ́: Mercury dáwọ́ ti rẹ̀ dúró ní 2018, ilé iṣẹ́ tó ni Evinrude sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní 2020. Ẹni tó bá fẹ́ ra tuntun lónìí kò ní ju ẹ̀yà méjì tó kù lọ.

Tú-sítíróòkù oníkábúrétọ̀ tún ní ewu kan tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ kì í fiyè sí títí yóò fi ṣẹlẹ̀. Inú epo ni ọ́ìlì tó ń mú ara ẹ́ńjìnnì dẹ̀ wà. Ní ìwọ̀n 50 sí 1, kẹ́ẹ̀gì lítà 25 ń gba ìdajì lítà ọ́ìlì. Bí jẹ́ẹ̀tì bá dí díẹ̀, epo tó ń wọlé á dín kù, ọ́ìlì náà á sì dín kù pẹ̀lú rẹ̀, ní àkókò kan náà tí ooru ń pọ̀ sí i. Píísítìnì á yọ́ tàbí kí ó há, ẹ́ńjìnnì á nọ́ọ̀kì. Sẹ́fúntí-fáìfù ní sìlíńdà mẹ́ta, kábúrétọ̀ mẹ́ta ló sì ń bọ́ wọn. Ọ̀kan lè dí kí méjì tó kù máa fi ipá gbé ọkọ̀ lọ, kí awakọ̀ máa rò pé ẹrù ló wúwo.

Afẹ́fẹ́, epo àti iyọ̀ Ìlàjẹ

Méjì nínú àbùkù kábúrétọ̀ kò rí ibi dúró sí ní etíkun yìí. Ilẹ̀ Ìlàjẹ kò ní òkè. Láti Máhìn dé Àwóyè, ibi tó wà ní ìpele òkun ni gbogbo rẹ̀. Òtútù tí yóò dí ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ àtigbà kò sí níbẹ̀ rí. Jẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá yan lẹ́ẹ̀kan fún Igbókòdá yóò tọ́ ní Ayétòrò, ní òwúrọ̀ àti ní ọ̀sán, ní ẹ̀ẹ̀rùn àti ní òjò. Ìdí pàtàkì tí àwọn orílẹ̀-èdè olókè àti olótùútù fi sá fún kábúrétọ̀ kò kan apẹja Ìlàjẹ rárá. Àwọn tó ń bú u pé ó ti pẹ́ sẹ́yìn kò wo ibi tí ó ń gbé.

Orí epo ni ọ̀rọ̀ wà. Epo tó ń dé etíkun ń gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá. Wọ́n á rà á ní ilé epo, wọ́n á dà á sínú kẹ́ẹ̀gì tàbí dúrọ́ọ̀mù, wọ́n á gbé e sínú ọkọ̀, á sì wà nínú oòrùn. Dúrọ́ọ̀mù tí kò kún ń mí: ní ọ̀sán, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á gbóná, á jáde, ní òru, á tutù, á fa afẹ́fẹ́ òde tí ọ̀rinrin wà nínú rẹ̀ wọlé, ọ̀rinrin náà á sì di omi sí ìsàlẹ̀ epo. Èyí tí wọ́n fọ̀ ní bòńkẹ́lẹ́ nínú igbó Niger Delta náà máa ń yọ́ wọ ọjà, òun sì máa ń fi ohun tó ń lẹ̀ bí oje sílẹ̀ nínú gbogbo ihò tóóró tó bá gbà kọjá.

Nígbà tí omi bá dé inú kábúrétọ̀, ẹ́ńjìnnì á wúkọ́, á sì kú. Mẹkáníìkì etí odò á tú síkúrúù ìsàlẹ̀ ìkòkò náà, á da ohun tó wà níbẹ̀ sínú ike funfun. Omi á hàn kedere níbẹ̀, tí yóò máa yí gbirigbiri lábẹ́ epo, tí kò ní pò mọ́ ọn. Á tú jẹ́ẹ̀tì, á gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, á wo inú ihò rẹ̀ bóyá ó rí ìta, á fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, á sì dà á padà. Ohun èlò rẹ̀ kò ju síkúrúù-díráfà àti súpánà lọ, iṣẹ́ náà sì lè parí kí èrò tó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ohun tí kò yẹ kí ó ṣe ni kí ó fi wáyà gún ihò jẹ́ẹ̀tì. Idẹ rọ̀, wáyà á mú kí ihò tóbi, láti ọjọ́ náà lọ sì ni ẹ́ńjìnnì á máa mu epo ju ti tẹ́lẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò ní mọ ìdí rẹ̀.

Omi inú epo kò rọrùn bẹ́ẹ̀ fún ínjẹ́kíṣọ̀n. Lábẹ́ ìdérí ẹ́ńjìnnì náà ni ìkòkò kan wà tí pọ́ǹpù alágbára jókòó sínú rẹ̀, fílítà kékeré sì ń bẹ lẹ́nu pọ́ǹpù. Ibẹ̀ ni omi ń kó jọ sí, ibẹ̀ ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí omi bá kọjá ibẹ̀, nọ́súlù ló kàn, ihò nọ́súlù sì tóóró ju ti jẹ́ẹ̀tì lọ. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń fọ nọ́súlù, kọ̀ǹpútà ni wọ́n sì fi ń bi bíréènì-bọ́kìsì léèrè ohun tó ṣe é. Ẹni tó ní méjèèjì lè má sí ní gbogbo etí odò. Iyọ̀ òkun náà ń ṣọ́ orí wáyà àti ẹnu sẹ́nsọ̀. Ibi tí wáyà bá ti jẹ díẹ̀, ẹ́ńjìnnì lè máa ṣe ségesège láìsí ohun tí ojú lè rí.

Fílítà tó ń ya omi kúrò lára epo, tí wọ́n ń so sí àárín táńkì àti ẹ́ńjìnnì, ló ń yanjú èyí tó pọ̀ jù nínú wàhálà yìí. Kí ojú rẹ̀ tóóró tó láti mú ohun tó bá ju máíkírónì 10 lọ, kí wọ́n sì máa ṣí ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò ní àràárọ̀ kí ọkọ̀ tó ṣí. Ẹni tó bá ra ẹ́ńjìnnì ínjẹ́kíṣọ̀n tí kò ra fílítà yìí ti fi owó rẹ̀ ṣòfò. Kódà oníkábúrétọ̀ yóò dúpẹ́ pé òun rà á.

Ti bátìrì náà ń ba àwọn kan lẹ́rù, pé bí bátìrì bá kú lójú òkun, gbogbo rẹ̀ parí. Fún ẹ́ńjìnnì ńlá, ẹ̀rù yìí ní ìdí. Àwọn kékeré ti kúrò níbẹ̀: láti 2012 ni Suzuki ti ń ta agbára ẹṣin 15 àti 20 tí ínjẹ́kíṣọ̀n rẹ̀ kò nílò bátìrì, tí okùn tí wọ́n bá fà fúnra rẹ̀ ń mú iná tó tó fún bíréènì-bọ́kìsì wá.

Ìṣirò owó

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kábúrétọ̀ ló jàre ní Ìlàjẹ, ìṣirò sì fi hàn pé kò ṣàìtọ́. Bí ẹ́ńjìnnì tú-sítíróòkù kan bá ń mu lítà 20 ní wákàtí kan, tí fọ́ọ̀-sítíróòkù oní-ínjẹ́kíṣọ̀n tó bá a dọ́gba ń mu 14, wákàtí márùn-ún iṣẹ́ á fi lítà 30 pamọ́. Nígbà tí epo wà ní nǹkan bíi ₦190, ìyẹn kò ju ₦5,700 lọ. Iye yẹn kò lè tètè san àfikún owó tí wọ́n fi ra ẹ́ńjìnnì tuntun.

Lẹ́yìn ìkéde ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ epo ti lọ, iye lítà kan kọjá ₦500 láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó sì ti lé ní ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ibi ní oṣù kẹwàá ọdún 2024. Lítà 30 kan náà di ₦30,000 lójúmọ́, láìtíì ka ọ́ìlì tí wọ́n ń pò mọ́ epo. Fọ́ọ̀-sítíróòkù náà ní ọ́ìlì tirẹ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀, ó sábà máa ń jẹ́ lẹ́yìn wákàtí 100, àmọ́ èyí kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye epo náà. Owó epo yìí ló yí ọ̀rọ̀ padà, kì í ṣe pé ínjẹ́kíṣọ̀n ṣẹ̀ṣẹ̀ dára.

Ta ni kí ó ra èwo?

Ọkọ̀ akérò tó ń lọ tó ń bọ̀ láti Igbókòdá lójoojúmọ́, tó sì ń sùn sí ìlú ní alẹ́, ni ínjẹ́kíṣọ̀n yẹ jù. Wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀, nítorí náà epo tó ń fi pamọ́ á tètè san owó ẹ́ńjìnnì. Mẹkáníìkì kì í jìnnà sí i. Ariwo rẹ̀ kéré, èéfín kò sì ní máa bo ojú èrò tó jókòó sẹ́yìn.

Apẹja tó ń lọ sójú agbami, tó lè sùn síbẹ̀, kì í ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń wá ni ẹ́ńjìnnì tí òun fúnra rẹ̀ lè tú nínú ọkọ̀, pẹ̀lú púlọ́ọ̀gì méjì nínú àpò àti súpánà kan. Fún un, fọ́tì oníkábúrétọ̀ ṣì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ó tún fúyẹ́: fọ́ọ̀-sítíróòkù tó bá a dọ́gba máa ń fi nǹkan bíi ogún kílò wúwo jù ú, ìwúwo yìí sì ń tẹ ìdí ọkọ̀ onípákó tóóró sínú omi. Àwọn ọlọ́ṣà ojú òkun, tí wọ́n ń dá àwọn apẹja lọ́nà tí wọ́n sì ń tú ẹ́ńjìnnì wọn lọ, jẹ́ ìdí mìíràn. Ẹ́ńjìnnì olówó iyebíye lẹ́yìn ọkọ̀ ẹni tó dá wà lójú òkun ń pe wọ́n. Bí ẹgbẹ́ apẹja kan bá lè dá owó jọ, ohun tó bọ́gbọ́n mu ni kí wọ́n ní ẹ́ńjìnnì ńlá kan tó ní ínjẹ́kíṣọ̀n fún ìrìn, kí fọ́tì kékeré kan sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún ìgbà tí nǹkan bá yíwọ́.

Ẹni tó ń fi ọkọ̀ ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bíi oníṣòwò tó ń ná ọjà Igbókòdá nìkan, kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ìpolówó tàn án. Wákàtí tó ń lò kò lè san ìyàtọ̀ owó náà. Ibi tó ti yẹ kí ó ṣọ́ra ni epo tó bá kù sínú kábúrétọ̀ láàárín ọjọ́ ọjà kan sí èkejì: kí ó yọ okùn epo kúrò, kí ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì jó èyí tó wà nínú ìkòkò tán kí ó tó pa á, nítorí epo tó bá gbẹ síbẹ̀ ló ń dí jẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí kò sí nínú ìwé ìpolówó kankan, èyí tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní etíkun: kí ọkọ̀ dojú dé, kí ẹ́ńjìnnì sì rì. Tú-sítíróòkù oníkábúrétọ̀ ló rọrùn jù láti gbà là. Wọ́n á tú púlọ́ọ̀gì, wọ́n á dorí ẹ́ńjìnnì kodò, wọ́n á fa okùn rẹ̀ kí omi lè jáde, wọ́n á fọ kábúrétọ̀, wọ́n á bu ọ́ìlì díẹ̀ sínú sìlíńdà, ó sì lè gbà lọ́jọ́ náà. Ti fọ́ọ̀-sítíróòkù oní-ínjẹ́kíṣọ̀n, omi á ti wọ inú ọ́ìlì rẹ̀, wọ́n á dà á nù, wọ́n á sì pààrọ̀ rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Wọ́n á fọ ìkòkò pọ́ǹpù àti gbogbo ọ̀nà epo, wọ́n á sì tú orí wáyà kọ̀ọ̀kan, wọ́n á gbẹ ẹ́. Èyíkéyìí tó wù kó jẹ́, kò gbọdọ̀ pẹ́, nítorí látìgbà tí afẹ́fẹ́ bá ti kan irin tí omi iyọ̀ wà lára rẹ̀ ni bẹ́árìn ti ń pẹtà. Bí mẹkáníìkì kò bá sí nítòsí, ó sàn kí wọ́n tún ẹ́ńjìnnì náà rì sínú àgbá omi tí kò níyọ̀ títí mẹkáníìkì yóò fi dé, ju kí wọ́n gbé e síta fún oòrùn lọ.